Àwọn Ìkíni Tí Bàbá Mi Ń Dáhùn Láì Gbọ́ Wọn

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, lọ́jọ́ Àlàmísì, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo mọ wákàtí náà dájú nítorí pé aago ògiri wà lókè orí nọ́ọ̀sì, òun ni mo sì tẹjú mọ́ kí n má baà wo ojú obìnrin náà bó ti ń ka ìwé ọwọ́ rẹ̀ tó sì ń mi orí.

Ọdún karùn-ún rèé tí ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní ilẹ̀ wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìṣó lẹ́yìn ìlú Ìlọrin sì gbà mí sí ọ́fíìsì wọn. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ọ́fíìsì mi àti gbọ̀ngàn ẹ̀rọ. Ariwo irin tí wọ́n ń gé látàárọ̀ dalẹ́ a máa gbọn ife omi lórí tábìlì mi. Òfin wọn ni pé kí òṣìṣẹ́ yẹ etí wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á, kí ó sì tún máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ a máa kùn pé wọ́n ń fi àkókò àwọn ṣòfò. Èmi kì í kùn, àmọ́ n kò kà á sí nǹkan kan. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, kí ni yóò ṣe etí rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wa yìí wá láti ìhà Ọ̀mù-Àrán. Ó lè fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ láìjẹ́ pé eyín rẹ̀ hàn. Ó fi ohun ìgbọ́ràn dúdú méjì tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀ bò mí létí, ó ní kí n máa na ọwọ́ sókè nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ohùn kan bíi ti fèrè. Mo ń na ọwọ́ mi bí ọmọ ilé ìwé tó mọ ìdáhùn. Mo gbà pé mo yege. Ó wá gbé ìwé ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní.

"Alákọ̀wé," ó ní, "etí òsì rẹ ti ń sá lọ."

"Sá lọ síbo, mà?"

"Bí mo bá mọ ibẹ̀, ǹ bá ti rán ọ lọ mú un wá."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló bà mí, ojú tún ń tì mí, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí ó ti ń tan ara rẹ̀ jẹ. Nọ́ọ̀sì ní ohun tó lọ kò tíì pọ̀, pé bí kò bá sí ìwé ti àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀. Ó ní etí kì í pariwo nígbà tó bá ń kú. Kì í dunni, kì í ṣẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò déédéé. Ó fún mi ní rọ́bà méjì tí n ó máa fi dí etí lẹ́nu iṣẹ́, ó wá bi mí pé ta ló ní irú rẹ̀ nílé wa.

"Kò sí, mà."

"Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá mi kẹ̀? Àfáà ni wọ́n. Ogún ọmọ ló máa ń ka kéwú níwájú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á sì mọ èyí tó ṣi ẹsẹ kan kà láàárín wọn."

"Ìgbà wo lo rí i gbẹ̀yìn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún lọ́kàn. Ọdún mẹ́rin ni mo lò ní yunifásítì. Nígbà tí mo sì padà dé, yàrá ni mo gbà ní Adéwọlé, nínú àwọn ilé tuntun, kì í ṣe agboolé wa nítòsí Ìpàtà. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń lọ kí wọn nílé. Mo rò pé ìyẹn tó.

Sátidé yẹn, mo lọ pẹ̀lú èrò pé n ó dán etí Bàbá wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà nítorí bí mo ṣe ṣe é. Ẹni tí kò bá gbé Ìlọrin lè má mọ bí ìkíni wa ti gùn tó. N ó lóṣòó, n ó dorí kodò, ojú mi á wà nílẹ̀, nítorí ọmọ tó bá tẹjú mọ́ bàbá rẹ̀ nígbà tó ń kí i kò gba ẹ̀kọ́. Ohùn mi náà á rọlẹ̀. Sàlámà ló ń ṣíwájú, mo wá máa ń béèrè bóyá wọ́n jíire, kí n tó bọ́ sórí orúnkún wọn tó máa ń dùn wọ́n. Orúnkún tán, ó kan àwọn ọmọ kéwú. Àdúrà ló ń kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ara wa láti ìgbà tí orúnkún náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, kò yí padà rí.

Mo kí wọn tán, Bàbá dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Sàlámà, wọ́n gbà á. Orúnkún, wọ́n ní ó ń fúyẹ́. Àwọn ọmọ kéwú, wọ́n ní wọ́n ń gbìyànjú. Ara mi balẹ̀. Mo tilẹ̀ bínú díẹ̀ sí nọ́ọ̀sì pé ó fẹ́ fi àìsàn sí mi lọ́kàn. Ní Mọ́ńdè, mo lọ sọ fún un pé etí Bàbá mi dá ṣáṣá.

"Kí lo fi dán wọn wò?"

"Mo kí wọn, wọ́n sì dáhùn gbogbo rẹ̀."

Ó gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìkíni? Ẹ̀yin ará Ìlọrin! Ta ló nílò etí láti fi dáhùn ìkíni? Bí ènìyàn bá ti rí i pé o lóṣòó, ó ti mọ ohun tí ò ń wí. Alákọ̀wé, tó o bá padà dé ọ̀hún, da ìkíni náà rú, ká wò ó."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkàn mi pín sí méjì. Ọkàn kan ń sọ fún mi pé kí n má dán an wò, pé ohun tí ènìyàn kò bá mọ̀ kì í pa á lára. Ọkàn kejì ń sọ pé ojo ni mí. Nígbà tí Sátidé dé, mo lóṣòó níwájú Bàbá, mo ṣe sàlámà, mo béèrè bóyá wọ́n jíire. Níbi tí orúnkún yẹ kó wà, mo ní:

"Àwọn ọmọ kéwú ńkọ́, Bàbá?"

"Ó ti ń fúyẹ́," ni Bàbá wí. "Òrí tí ìyá rẹ fi ń pa á ló ràn án lọ́wọ́."

Mo tún ní, "Orúnkún ńkọ́?"

"Wọ́n ń gbìyànjú. Àwọn méjì kan ló ya ọ̀lẹ láàárín wọn, n ó mú wọn mọ́ra."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, àmọ́ ẹkún ló gba ibẹ̀ jáde. Mo ṣàdédé gbé ojú sókè, mo sì rí ohun tí ìtẹríba kò jẹ́ kí n rí láti àwọn ọdún wọ̀nyí wá: Bàbá ń ṣọ́ èjìká mi. Bí èjìká mi bá ti rọ̀ wálẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé mo ti parí gbólóhùn kan, wọ́n á sì dáhùn èyí tó kàn.

Mo sáré lọ bá ìyá mi lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ èlùbọ́. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn kò dáwọ́ dúró.

"O ti mọ̀ báyìí," ni ìyá mi wí.

"Ìyá, ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ta ni ì bá mọ̀ bí kò ṣe èmi tí mò ń bá a gbé? Ó ti tó ọdún mẹ́rin. N kì í pè é látẹ̀yìn. N ó yí lọ síwájú rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Kí ni ká wá gbé jó níta níbẹ̀?"

"Kéwú àwọn ọmọ wá ńkọ́?"

"Kéwú yàtọ̀." Ìyá mi wò mí bí ẹni pé ìwé ti yí mi lórí. "Ọkàn ni bàbá rẹ fi ń gbọ́ kéwú."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le tó bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ń lọ sílé ọkọ. Nílùú wa, ìyàwó a máa ṣe wòlímọ̀ kí ó tó lọ: yóò jókòó láàárín àwùjọ, níwájú àwọn àfáà láti oríṣiríṣi agboolé, yóò ka Àlùkùránì tí ó kọ́. Olùkọ́ rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣìnà, olùkọ́ ló gbọ́dọ̀ dá a padà kíá, kí ẹlòmíràn tó gbọ́. Bí olùkọ́ bá dákẹ́ tí ẹlòmíràn sì bá a ṣe é, ẹ̀tẹ́ ni fún ìyàwó, fún olùkọ́ ó sì ju ẹ̀tẹ́ lọ. Kò sí ẹni tí yóò tún fi ọmọ ránṣẹ́ sí i mọ́. Bàbá mi ni olùkọ́ àbúrò mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù nígbà yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun alásárì, mo jókòó ti ògiri nígbà tí àbúrò mi ń kàwé níwájú Bàbá. Mo mọ súúrà tó ń kà, mo kà á dé ibẹ̀ kí n tó sá tẹ̀lé ìwé òyìnbó. Ó fo odindi ẹsẹ méjì. Bàbá ń fa tẹ̀súbáà wọn, orí wọn ń mì jẹ́jẹ́.

"Máṣààláhù," ni wọ́n wí. "Tẹ̀síwájú."

Mo tẹ̀lé àbúrò mi jáde, mo ní, "O fo ẹsẹ méjì."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀, Bùọ̀dá. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo fò wọ́n ni mo rántí. Mo ń retí kí Bàbá lù mí lórí. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti mú ọjọ́ ìyàwó mi, Bàbá kì í bá mi wí mọ́. Ẹ ò rí i pé wọ́n fẹ́ràn mi jù yín lọ?"

Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè sọ òtítọ́ fún un. Mo bínú sí ara mi pé n kò lè sọ ọ́, mo tún dúpẹ́ pé n kò sọ ọ́. Bí ọkàn mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó máa ń fa ara rẹ̀ ya.

N kò mọ bí n ó ṣe mú Bàbá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Níkẹyìn, òtítọ́ ti ara mi ni mo lò. Mo jókòó síwájú wọn, mo gbé ojú sókè, mo la ẹnu dáadáa, mo ní etí òsì mi ń lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí, ṣé wọn kò ní bá mi lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá dìde lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń wá bàtà. Àlàmísì kì í sí kéwú, nítorí náà Àlàmísì la lọ.

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ kí wọn. Ó ní kí Bàbá kọ́kọ́ jókòó dán ẹ̀rọ náà wò, kí èmi ọmọ wọn lè mọ̀ pé kì í ta ènìyàn. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n jókòó.

Nọ́ọ̀sì tẹ ẹ̀rọ. Bàbá na ọwọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, Bàbá tún na ọwọ́. Ìgbà mẹ́fà, ìgbà méje, kò yẹ̀ rárá. Ayọ̀ tó gba inú mi lọ́jọ́ yẹn, n kò lè sọ ọ́ tán. Mo rò pé gbogbo rẹ̀, òrí, orúnkún, ẹsẹ méjì, àlá ni. Mo fẹ́ kígbe.

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìka rẹ̀ wá sẹ́bàá ẹ̀rọ náà, kò tẹ nǹkan kan. Bàbá na ọwọ́.

Ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó di àga Bàbá mú, ó yí i kọjú sí ògiri. Ó padà sídìí ẹ̀rọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ Bàbá wà lórí orúnkún wọn. Ó yí nǹkan kan lára ẹ̀rọ náà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ń yí i, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí èmi tí mo jókòó sí òdìkejì yàrá fi ń gbọ́ fèrè náà tó ń jò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Bàbá mi. Bàbá jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ti múra sílẹ̀, ìka wọn nà díẹ̀ lórí orúnkún, bí ẹni tó fẹ́ ṣe dáadáa níwájú àlejò.

Nígbà tó pẹ́, Bàbá sọ fún ògiri pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Bí ẹnì kan bá ń fi igi lù mí, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì yí lọ síwájú wọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra sọ ọ́ kí wọ́n lè rí ẹnu rẹ̀: "A ti parí, Bàbá."

Bàbá wo ẹnu rẹ̀. Wọ́n wo èmi náà, ojú mi tí omi ti kún. Wọ́n mọ̀. Wọ́n dé fìlà wọn padà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n sì béèrè: "Etí ọmọ mi ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sí etí, pé ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn lè fún Bàbá ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n yóò gbà tó oṣù mélòó kan. Ó ní ká ní wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún ni, wọn ì bá ti rí i tipẹ́.

Nígbà tí a dé ilé, Bàbá ní, "Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní àwọn ọmọ mi gba ẹ̀kọ́. Mo mọ̀ pé ó dín kù. N kò mọ̀ pé ó ti tán."

Mo mú wàláà, pátákó àwọn ọmọ kéwú, mo fi lẹ́tà Lárúbáwá, àjàmí, kọ ọ́ sí i ní Yorùbá pé àbúrò mi fo ẹsẹ méjì, Bàbá sì ní kó tẹ̀síwájú. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bi mí pé ìgbà mélòó ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ọmọ mélòó ni wọ́n ti jẹ́ kó gba ibẹ̀ kọjá. N kò mọ̀. Wọ́n dojú wàláà náà délẹ̀, wọ́n sì dìde lọ ṣe àlùwàlá.

Lẹ́yìn ìrun ni wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ní kí n bò wọ́n láṣìírí títí wòlímọ̀ yóò fi kọjá, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ilé kéwú sílẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n ní kí n jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà. Bí àbúrò mi bá ṣìnà, kí n fi ọwọ́ kan orúnkún wọn, wọ́n á sì dá a dúró kó tún un kà. Wọ́n ní kí èmi náà kọ́kọ́ jókòó ti súúrà náà títí yóò fi yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo lóṣòó, mo ní ó dára. Ó rọrùn láti sọ pé ó dára nígbà tí ojú ẹni bá wà nílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù báyìí tí mò ń kọ èyí. Àbúrò mi kò mọ nǹkan kan. Ó ṣì ń fò, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní kí n pa ẹnu mọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n sọ fún ọmọbìnrin náà kíá, kó lè lọ tún kéwú rẹ̀ kà níwájú ẹlòmíràn, àmọ́ Ìlọrin kì í ṣe ibi tí ọmọ àfáà ń wá olùkọ́ mìíràn láìjẹ́ pé gbogbo àdúgbò béèrè ìdí. Èmi sì ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ pẹ̀lú rọ́bà létí, mo ń ka súúrà náà sínú, mo ń bẹ̀rù ohun tí n kò tíì sọ fún Bàbá: ohùn àbúrò mi tinrín, irú ohùn tinrín bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì sì ní yóò kọ́kọ́ bọ́ mọ́ mi létí. Bí ó bá fo ẹsẹ kan, èmi ni n ó fọwọ́ kan Bàbá. Bí ó bá wá bọ́ mọ́ èmi náà létí, ta ni yóò fọwọ́ kàn mí?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí òbí yín ti bá ara wọn nírú ipò bẹ́ẹ̀ rí, ẹ sọ fún mi. Ṣé kí n sọ fún àbúrò mi, kí n sì yẹ ìlérí tí mo ṣe fún Bàbá? Àbí kí n jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà, kí ọwọ́ mi wà nítòsí orúnkún wọn, kí n sì máa gbàdúrà pé etí ọ̀tún mi kò ní dójú tì mí?